Bùbá Mi Ṣì Wà Lórí Férémù

Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí mo fi wọ bùbá léèsì dúró nídìí maṣíìnì. Ibi ìdúpẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Mo ní kí n kàn rán ìlà kan kí n tó jẹun. Ìlà kan péré! Gbogbo ẹni tó ń rán quilt, aṣọ ìbora tí wọ́n fi ègé aṣọ rán pọ̀, tí òwú wà nínú rẹ̀, lórí férémù (ọ̀pá tí wọ́n ń na aṣọ mọ́, tí wọ́n ń wa maṣíìnì kiri lórí rẹ̀) ló máa ń pa irú irọ́ yẹn fún ara rẹ̀.

Bùbá ò jẹ̀bi ṣá. Ìgbátí, ìyẹn aṣọ gbọọrọ tí wọ́n ń rán yí etí quilt ká, ló kó bá mi. Ọmọ télọ̀ ni mí o, mo ti ń yí ọwọ́ maṣíìnì Màámi n'Íbàdàn kí n tó mọ a, b, d. Ìgbà tí olùkọ́ wa ní Houston níbí wá ní ká máa fi téèpù wọn àárín quilt ká tó gé ìgbátí, pé iye tí àárín bá jẹ́ ni kí ìgbátí náà jẹ́, mo rẹ́rìn-ín sínú. Èmi náà? Mo kàn gbé àdìrẹ gbọọrọ lé etí rẹ̀, mo rán an lọ ràì, ibi tó parí sí ni mo gé e sí. Àárín jẹ́ íńṣì 72. Ìgbátí apá ọ̀tún, 75. Ti òsì, 75 àti ààbọ̀. Ọmọ télọ̀!

Ì bá mà tiẹ̀ mọ síbẹ̀. Olùkọ́ yìí náà ló kìlọ̀ pé kí n tó ya ọnà kankan sórí rẹ̀, kí n kọ́kọ́ fi ìrán dè é mọ́lẹ̀: kí n tọ ojú ibi tí búlọ́ọ̀kù (àwọn onígun mẹ́rin tí wọ́n rán pọ̀ di àárín) ti pàdé búlọ́ọ̀kù, kí n tọ ojú ibi tí ìgbátí ti pàdé àárín, kí n wá rán etí rẹ̀ mọ́ aṣọ ẹ̀yìn, kí aṣọ tó wà lókè (mi ò pè é ní aṣọ òkè o), òwú inú àti aṣọ ẹ̀yìn má baà máa sá fún ara wọn. Ó ní kí n má yí ọ̀pá férémù le jù. Tí mo bá fi ìka ti aṣọ láti ìsàlẹ̀, ó yẹ kí n lè di ìka náà mú láti òkè. Èmi yí tèmi títí ó fi le bí awọ gángan. Ìdè wo? Ṣé màlúù ni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìyẹ́ ẹyẹ sínú búlọ́ọ̀kù.

Ìyẹ́ náà dára, ẹ má purọ́ mọ́ mi. Àmọ́ bí ìrán ṣe ń pọ̀ láàárín ni àárín ń súnkì, ìgbátí tí mi ò tíì fọwọ́ kàn sì ń tú yẹ̀ẹ̀. Kí n tó dé búlọ́ọ̀kù kẹfà, ó ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí etí erin.

Mo wá fọwọ́ òsì tẹ etí erin mọ́lẹ̀ níwájú abẹ́rẹ́, mò ń fi ọ̀tún wa maṣíìnì. Apá bùbá tí wọ́n gé fẹ̀ bí agbádá rọra bọ́ síwájú. Ìgbátí, búlúù. Léèsì, búlúù. Kí ni mo fẹ́ mọ̀? Íńṣì 9 ni mo rán kí n tó mọ̀. Ìrán 10 ló ń wà nínú íńṣì kan, nítorí náà ìrán 90 ló dè mí mọ́bẹ̀. Ó dọ́gba, ó le dáadáa. Kò síbi tí ìrán mi ti dára tó ibẹ̀ nínú gbogbo quilt yẹn.

Mo fà á. Kò mira. Réésà wà lórí tábìlì lọ́ọ̀ọ́kán.

"Màámi! Ẹ gbà mí o!"

Wọ́n yọ láti kíṣíìnì tàwọn tọmọrogùn. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo férémù.

"Àbẹ̀kẹ́, kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Mo ti rán ara mi mọ́ ọn, mà."

Ẹ rò pé réésà ni wọ́n lọ mú? Fóònù ni. Ìyá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan tẹlifíṣọ̀n mi láti oṣù méjì tí wọ́n ti dé ló pe Àǹtí Bísí lórí WhatsApp, pẹ̀lú fídíò!

"Ìyá Kẹ́mi, wá wo ọmọ ẹ. Maṣíìnì ti mú un."

"Yéè! Ṣé ó ṣèṣe ni?"

"Kò ṣèṣe. Ó ra aṣọ tó dáa, ó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó ní òun ń rán an padà. Ó ti wá kan òun náà báyìí."

Wọ́n yí fóònù ká kí Àǹtí lè rí i dáadáa. Àwọn ará ilé Àǹtí pé jọ. Bọ̀dá kan ń béèrè bóyá bọ́bìnì ló há. Ẹnì kan ní kí n gbé ọwọ́ sókè káwọn rí i. Wọ́n gbé fóònù fún Bàbá Àgbà, mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, férémù gbé mi dúró. Mo dáwọ́ kan lé orí, mò ń kí Bàbá bí ẹni tí wọ́n so mọ́ òpó. Mo lo bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ìdúró.

Ìgbà tí wọ́n pa fóònù tán ni Màámi wá súnmọ́ mi pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

"Ṣé o ò wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sábẹ́ bùbá yìí ni?"

"Mo wọ̀ ọ́, mà."

"Kí ló wá dé tí o ò bọ́ bùbá?"

Ẹ̀yin èèyàn mi. Bùbá! Kò ní bọ́tìnì, kò ní síìpù, orí lásán ni wọ́n ń gbà bọ́ ọ. Mo yọ orí, mo yọ apá, mo bọ́ sílẹ̀ lómìnira. Màámi padà sídìí àmàlà wọn, wọn ò tún sọ nǹkan kan.

Ó ṣì wà níbẹ̀ láti Sunday, apá kan lẹ̀ mọ́ ìgbátí, apá kejì ń fì, bí ẹni tó ń juwọ́ sí mi nígbàkígbà tí mo bá kọjá. Mò ń tú u díẹ̀díẹ̀, òwú ti wọ inú léèsì ṣinṣin.

Àǹtí Bísí fi ohùn ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Wọ́n ní quilt náà wu àwọn, kí n bá àwọn rán tiwọn, àmọ́ kí n má fi apá sí i, àwọn ò ní ọwọ́ mẹ́ta.