Àwòrán àyálò, oúnjẹ tiwa: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí oúnjẹ ọmọdé

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ oúnjẹ inú páálí, ì báà jẹ́ ìdí ẹ̀rọ lẹ wà, ì báà jẹ́ ìdí àwòrán, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá yín yóò gbé àwòrán kàtúùnù bíi Peppa Pig tàbí Pokémon wọ ìpàdé, pé kí ẹ fi sára páálí. Ojú gbogbo èèyàn á máa dán. Wọ́n á ní ọjà ti tà tán. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi: àwòrán yẹn kì í ṣe tiwa, a yá a ni. Oúnjẹ tó wà nínú páálí nìkan ni tiwa, òun gan-an ni wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí kẹ́yìn, nígbà tí tíì ti tutù tí oníkálukú ti ń kó ìwé rẹ̀ nílẹ̀.

Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ẹni mu. Ẹni tó ni Peppa ló ń pinnu bí imú rẹ̀ ṣe máa rí lára bisikíìtì yín, irú àwọ̀ píǹkì tí ẹ máa lò, ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í tà á àti ọjọ́ tí ẹ máa jáwọ́. Ẹ ó sì máa san owó fún un lórí ohun tí ẹ bá tà. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, iye kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ san, bó tà, bí kò tà.

Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sábẹ́ mi, ọdún 1971 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọjà mẹ́ta jáde lọ́dún náà, kò sì sí méjì tí ìpín wọn jọra.

Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ Quaker Oats, àwọn ọlọ́ọ̀tì tí à ń sè láàárọ̀, fẹ́ máa ta ṣokoléètì. Aṣefíìmù kan tó ń jẹ́ David Wolper lọ bá wọn pé kí wọ́n gbówó sílẹ̀ fún fíìmù ọmọdé tó dá lórí iléeṣẹ́ ṣokoléètì, kí wọ́n sì máa fi orúkọ inú rẹ̀ ta ọjà wọn. Wọ́n gbé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 dọ́là kalẹ̀. Willy Wonka & the Chocolate Factory jáde lóṣù kẹfà ọdún náà, àwọn èèyàn ṣì ń wò ó dòní. Ṣokoléètì tí wọ́n torí rẹ̀ náwó ńkọ́? Wọn ò po ó bó ṣe yẹ, ó ń yọ́, wọ́n sì kó o kúrò lórí kàǹtà. Orúkọ Wonka ò bá a lọ o. Súwíìtì mìíràn ló wá gbé e ró, títí Nestlé fi rà á lọ́dún 1988. Ẹ bá mi wá ìpolówó tó ju odindi fíìmù lọ. Síbẹ̀, kò rí ṣokoléètì tó ń yọ́ gbà là.

Lọ́dún yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ Post gbé oúnjẹ àárọ̀ inú páálí tí wọ́n ń pè ní Fruity Pebbles àti Cocoa Pebbles jáde, pẹ̀lú àwòrán Fred àti Barney inú eré kàtúùnù The Flintstones. Ẹ kíyè sí àkókò: eré náà bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ABC lọ́dún 1960, ó parí lọ́dún 1966. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti wà lórí kàǹtà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń jẹ ẹ́ lónìí ò wo eré náà rí. Ìrẹsì ni; hóró rẹ̀ kéékèèké, aláwọ̀ mèremère, ó dà bí òkúta wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ ayé òkúta làwọn inú eré náà ń gbé. Àwòrán àti oúnjẹ mọ ara wọn. Ìpolówó wọn náà kò le: Barney ló máa ń wá ọgbọ́n tí yóò fi jí oúnjẹ Fred jẹ. Ọmọ tí kò mọ Fred rí ṣáà mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹni bá jí ẹran ẹni jẹ.

Ẹ̀kẹta wà ní Japan. Kamen Rider, akọni tó ń gun alùpùpù, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 1971. Iléeṣẹ́ Calbee ṣe ìpápánu tirẹ̀, 20 yen lọ̀rá kan, káàdì kan sì ń bá ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ. Ọjà náà tà bí ẹni ń lé e. Ṣùgbọ́n káàdì làwọn ọmọ ń wá. Wọ́n á ra ìpápánu, wọ́n á gba káàdì, wọ́n á da ìpápánu nù lójú ọ̀nà. Ó di ọ̀rọ̀ ìlú. Lọ́dún 1973, Calbee gbé ìpápánu mìíràn jáde tó jẹ́ káàdì àwọn agbábọ́ọ̀lù besibọ́ọ̀lù ló bá a rìn, wọ́n sì ń tà á títí di ìsinsìnyí.

Bí ẹ bá bi oníṣirò owó, á ní àṣeyọrí ni ti Kamen Rider. Èmi ò gbà. Bí oúnjẹ tí mo lọ̀, tí mo dín, tí mo wọ̀n bá kàn jẹ́ ohun tí wọ́n ń jù nù kí wọ́n lè rí bébà, a jẹ́ pé iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ má sì pè é ní ọ̀rọ̀ àtijọ́. Lóṣù kẹjọ ọdún 2025, McDonald's ní Japan fi káàdì Pokémon mọ́ oúnjẹ ọmọdé. Àwọn tó fẹ́ tún káàdì náà tà rọ́ dé, wọ́n ra oúnjẹ rẹpẹtẹ, wọ́n sì pa á tì síbẹ̀. Iléeṣẹ́ náà ní láti tọrọ àforíjì.

Ohun tí èyí sọ di àṣà fún mi ni pé kí àwòrán kankan tó dé, mo máa ń kó oúnjẹ náà sínú ọ̀rá funfun gbalaja, láìsí orúkọ, láìsí ojú ẹnikẹ́ni, mo sì máa ń gbé e fún àwọn òbí àtàwọn ọmọ. Mo ń wò bóyá ọmọ á tún na ọwọ́. Mi ò ka àwọn tó ní ó dùn sí. Ọmọ tó bá mọ̀wàhù lè ní nǹkan dùn. Ọwọ́ tó tún nà ni mo ń kà.

Ìdí tí ọ̀rá funfun fi ṣe pàtàkì ni pé àwòrán máa ń tan ahọ́n pàápàá jẹ. Lọ́dún 2010, Christina Roberto àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale gbé ìwádìí kan jáde lórí ogójì ọmọ, ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n fi sínú páálí méjì, ọ̀kan ní àwòrán kàtúùnù Shrek, Dora tàbí Scooby-Doo lára, èkejì kò ní. Àwọn ọmọ ní èyí tó ní àwòrán ló dùn jù. Lórí bisikíìtì àti súwíìtì rírọ̀, ó hàn gbangba. Lórí kárọ́ọ̀tì, agbára àwòrán ò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ nínú ìpàdé pé àwòrán á mú ọmọ jẹ ẹ̀fọ́ bó ṣe ń mú un jẹ súwíìtì, ẹ rọra bi í níbi tó ti rí i.

Ó ṣeé ṣe kó fi Elmo, ọmọláńgidi inú eré ọmọdé Sesame Street, dá yín lóhùn. Ìwádìí kan wà tí Brian Wansink ti Yunifásítì Cornell gbé jáde lọ́dún 2012, pé bí wọ́n bá lẹ Elmo mọ́ ápù, àwọn ọmọ iléèwé á máa mú un. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe é. Ó wá hàn pé ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni. Lọ́dún 2017, ìwé ìwádìí tó tẹ̀ ẹ́ jáde fà á sẹ́yìn. Ẹ lọ ka ìwé náà fúnra yín kí ẹ tó gbé e wọ sláìdì, kí ẹ sì wò bóyá wọ́n ti wọ́gi lé e. Àwọn tó ni Elmo, Sesame Workshop, ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn ju ìwádìí yẹn lọ: lọ́dún 2013 wọ́n gbà kí àwọn tó ń ta èso àti ẹ̀fọ́ ní Amẹ́ríkà máa lo àwòrán wọn láì san owó àyálò.

Ẹ jẹ́ ká wá sídìí ẹ̀rọ, torí ibẹ̀ lẹnu ti máa ń dùn ún rófọ́. Ẹ mú màkàróònì inú agolo tó ní ìrísí ajá kàtúùnù. Ẹ̀rọ á ti ìyẹ̀fun pípò gba inú àwo idẹ tí wọ́n lu ihò ajá sí, ọ̀bẹ á máa gé e bó ṣe ń yọ. Lórí kọ̀ǹpútà, ajá náà lẹ́wà. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ fẹ́lẹ́, ikùn rẹ̀ ki. Kí ikùn tó jinná, etí ti di ẹ̀kọ. Lẹ́yìn èyí, a tún máa ń fi ooru gbígbóná se agolo náà lẹ́yìn tí a bá ti dé e, kó lè pẹ́ nílẹ̀. Màkàróònì á máa fa ọbẹ̀ mu, á wú, ihò ojú á dí. Kí ó tó dé àwo ọmọ, ajá ti di màlúù. Ẹni tó ń yàwòrán àti ẹni tó ń sè é gbọ́dọ̀ jókòó pa pọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ àwo idẹ, torí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ojú ajá bá kọ̀, ẹ bẹ ẹni tó ni ín pé kó jẹ́ kí ẹ lo egungun, ìràwọ̀ tàbí táyà ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń gbà, wọ́n mọ̀ pé ajá tó dà bí màlúù ò bu iyì kún àwọn náà.

Àwọ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Kàtúùnù fẹ́ràn búlúù, oúnjẹ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní in. Lẹ́yìn ìwádìí tí Yunifásítì Southampton ṣe lọ́dún 2007, òfin Yúróòpù sọ pé láti oṣù keje ọdún 2010, oúnjẹ tó bá ní èyíkéyìí nínú àwọ̀ mẹ́fà kan gbọ́dọ̀ kọ ìkìlọ̀ sára pé ó lè kó bá ìwà àti ìfọkànsí ọmọdé. Ta ló máa fi ìyẹn sábẹ́ àwòrán ọmọdé? Nestlé yọ búlúù kúrò nínú Smarties, ṣokoléètì aláwọ̀ oríṣiríṣi, ní Britain lọ́dún 2006, ọdún 2008 ni wọ́n tó dá a padà, àwọ̀ tí wọ́n fà yọ lára spirulina, ohun wẹ́wẹ́ kan tó ń hù nínú omi, ni wọ́n sì lò. Àwọ̀ yẹn dára, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn iná, kò sì fẹ́ràn ohun kíkan. Kí ẹ tó ṣèlérí búlúù fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ gbé e la ààrò kọjá.

Ti ìfọwọ́sí ẹni tó ni àwòrán, mi ò ní ṣàlàyé gùn. Wọ́n á wo àbá, wọ́n á wo àpẹẹrẹ, wọ́n á tún wo ojúlówó ọjà. Ẹ fi àkókò wọn kún àkókò yín, kí ẹ má sì sọ fún súpámákẹ́ẹ̀tì pé ọjà ti dé tán.

Ẹ̀yìn páálí ni mo fẹ́ kí ẹ mójú tó, torí iwájú ni gbogbo èèyàn ń wò. Lóṣù kẹjọ ọdún 2023, súpámákẹ́ẹ̀tì Lidl ní Britain pe àwọn ìpápánu kan tó ní àwòrán kàtúùnù PAW Patrol lára padà. Kò sí nǹkan tó ṣe oúnjẹ inú rẹ̀. Àdírẹ́sì ìkànnì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, tó ń gbé ohun tí ojú ọmọdé kò gbọdọ̀ rí jáde. Láti ìgbà náà, bí páálí bá dé orí tábìlì mi, mo máa ń tẹ gbogbo àdírẹ́sì ara rẹ̀ wò, mo sì máa ń béèrè ẹni tí yóò máa sanwó ìkànnì náà títí ọjọ́ tí bisikíìtì tó kẹ́yìn yóò fi bàjẹ́.

Òfin náà ń yí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2016, ní Chile, oúnjẹ tí ṣúgà, iyọ̀ tàbí ọ̀rá rẹ̀ bá kọjá ìwọ̀n kò lè fi kàtúùnù fa ojú ọmọdé mọ́. Ẹkùn Tony tó máa ń wà lára oúnjẹ àárọ̀ Kellogg's pàápàá kúrò lára páálí níbẹ̀. Mexico ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 2021. Ẹ dín ṣúgà kù kí òfin tó ní kí ẹ dín in.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ ń ṣe ṣin-ṣin inú ọ̀rá, tí oníbàárà ń ní kí ẹ tẹ Spider-Man sí i lára, nọ́ńbà NAFDAC kì í ṣe àṣẹ láti lo àwòrán ẹlòmíràn. Àwọn oní-Indomie ní Nàìjíríà dá àwọn akọni ọmọdé tiwọn sílẹ̀, Indomitables, wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọdé kan tí ẹ bá fúnra yín yà, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ín, sàn ju Spider-Man tí lọ́yà rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí wọ́n bá sì fún yín ní ìwé àdéhùn, ibi tí wọ́n kọ òpin sí ni kí ẹ kọ́kọ́ kà: oṣù mélòó ni wọ́n fún yín láti ta èyí tó kù lẹ́yìn tí àdéhùn bá parí, ta ló sì ni ọ̀rá tí ẹ ti tẹ̀ àmọ́ tí ẹ kò tíì lò. Ọ̀rá tó bá ti ní ojú kàtúùnù lára ò wúlò fún ọjà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí àwọn atẹ̀wé tilẹ̀ ń sọ fún mi pé bí mo bá tẹ púpọ̀, owó rẹ̀ á wálẹ̀.