Àwo Orin Jámánì Tó Dá Wàhálà Sílẹ̀ Nílé Wa l'Ájàṣẹ́

Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ bá mi fara dà á.

Ìyá mi pè wá láti Abẹ́òkúta lórí WhatsApp ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, bí ìṣe wọn. A kíra tán, wọ́n ní kí n fún ọmọ ní fóònù. Ọmọ mi gbà á, ó ní, "Bonsoir, mémé," ó sì dá a padà fún mi bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Mo ní ṣé ìyá mi lò ń fi Faransé kí báyìí? Ọmọ Ẹ̀gbá ni ọ́, sọ Yorùbá sí wọn! Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Kò tilẹ̀ wò mí. Ó nàka sí pẹpẹ tí mo to àwo orin France Gall, olórin ará Faransé kan, sí, ó wá fi Faransé tó já gaara sọ fún mi pé: Papa, obìnrin yẹn ń fi èdè Jámánì kọrin, alaalẹ́ lẹ sì ń gbọ́ ọ. Ṣé ẹ gbọ́ Jámánì ni?

Ìyá mi ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní ẹ kú alẹ́, mà."

"Gbogbo gígùn yẹn?"

Ìyàwó mi, tí í ṣe ọmọ Gùn, sáré wọ yàrá lọ. Ẹ̀rín ló lọ rín. Mo gbọ́ ọ.

Ẹni tí kò gbé Àjàṣẹ́ yìí rí, Porto-Novo ti ilẹ̀ Benin, yóò ní kí lèmi ń pariwo òkèèrè sí. Òótọ́ ni, èèyàn lè jẹ àkàsà láàárọ̀ níbí kó sì jẹ láfún lọ́sàn-án l'Ábẹ́òkúta, bí àwọn tó na okùn sójú ọ̀nà bá fẹ́. Yorùbá sì kún ìlú yìí. Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹ yanu ní ọjà Wàndó kí ẹ wò ó: bí ìyá oníṣu bá ti gbọ́ pé Yorùbá ti Nàìjíríà lẹ̀ ń sọ, iye owó ti yí padà. Mọ́ṣáláṣí ńlá wọn pàápàá, bí ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil ló rí, torí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà bọ̀, ló kọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá a lọ láti kírun, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọjá níwájú rẹ̀ tí mò ń bi èèyàn pé mọ́ṣáláṣí dà.

Iṣẹ́ rédíò ni mo kọ́ ní Ìtòkú, òun náà ni mò ń ṣe níbí. Nígbà tí mo dé, mi ò gbọ́ Faransé kankan. Bàbá ìyàwó mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ ràn mí lọ́wọ́, kì í sì í ṣe pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ o. Bí sódábì, ògógóró ibí, bá ti kan ọ̀fun wọn, orin kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀: èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń bú ọba Charlemagne àtijọ́ pé òun ló ronú iléèwé sílẹ̀. Tíṣà ló jókòó tó ń fi orin bú ẹni tó dá iléèwé sílẹ̀! Wọ́n ní àwo rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ ló bàjẹ́. Mo tún un ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti mọ France Gall.

Isabelle ni wọ́n sọ ọ́ ní 1947. Isabelle mìíràn ti wà lórí rédíò ṣáájú rẹ̀, Isabelle Aubret, ni wọ́n bá sọ tirẹ̀ di France. Bàbá rẹ̀, Robert Gall, a máa kọ ọ̀rọ̀ orin fún àwọn ńláńlá. Òun náà ló kọ ọ̀rọ̀ orin Charlemagne yẹn, tí ọmọ rẹ̀ gbé jáde ní 1964. Ọmọdébìnrin onírun góòlù ni, àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri yàrá àwọn ọ̀dọ́ káàkiri Faransé. Ní March 1965, ó lọ díje ní Eurovision, ìdíje orin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ní ìlú Naples, ó sì gba ipò kìíní. Ẹ wá wò ó: France ló ń jẹ́, Paris ni wọ́n bí i sí, Luxembourg ló kọrin fún. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Claude François, olórin tí wọ́n jọ ń fẹ́ra nígbà náà, bá a wí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà pé kò kọ ọ́ re. Ẹkún ló fi gba oríire.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lájò, ṣebí ẹ mọ irú rẹ̀? Àlejò á pàtẹ́wọ́ fún ọ, ti ilé á pè ọ́ lórí fóònù láti wá bú ọ.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwo rẹ̀ jọ nìyẹn. Mo sì rí àǹfààní kan níbí tí ẹni tó wà ní Paris kò ní. Ó ti pẹ́ tí àwọn òyìnbó ti ń wá sí Benin wá àwo àtijọ́, ti Poly-Rythmo, ẹgbẹ́ olórin Cotonou, ni wọ́n sì ń wá, àti ohunkóhun tó bá ní orúkọ Albarika Store, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde, lára. Wọ́n á tú páálí wò dé ìsàlẹ̀, wọ́n á kó ti Cotonou lọ, wọ́n á fi ti Faransé sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lèmi ń fẹ́. Inú ilé àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí ni wọ́n sábà ń wà, àwọn tí wọ́n ti rán lọ sí Dakar tàbí Paris tí wọ́n sì bá ẹrù bọ̀. Ikán ti jẹ èèpo òmíràn, ooru ti tẹ òmíràn bí àwo ọbẹ̀. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ni mo fi ń fọ̀ wọ́n, èyí tó bá tẹ̀ mo máa ń fi sáàárín gíláàsì méjì. Lẹ́yìn náà ni mo máa wá gbé gíláàsì tí a fi ń wo wáyà kékeré, kí n fi ka nọ́ńbà tí wọ́n fín sí ibi tí orin parí sí lára àwo, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyàwó mi ní mò ń ka àwo bí ààfáà ṣe ń ka hàǹtú.

Èyí tó bá gbajúmọ̀ kò ṣòroó rí. Èyí tí kò tà ló wọ́n. France Gall kúrò ní Philips, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde, ní 1968, ọdún bíi márùn-ún tó tẹ̀ lé e kò dára fún un rárá. Ó ń ti ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, àwo ń jáde, ẹnikẹ́ni kò rà á. Serge Gainsbourg, olórin tó kọ orin Naples fún un, padà kọ méjì sí i ní 1972, òfo ni. Díẹ̀ ni wọ́n tẹ̀, àwọn tó rà á kò sì tọ́jú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣa àwo fi ń jà lé e lónìí. Lójú tèmi, ohùn rẹ̀ dára níbẹ̀ ju ti ìgbà tí gbogbo ayé ń gbọ́ ọ lọ. Ó ti ń dàgbà, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí kò jáde rí, tí ó wà lórí téèpù: orin tó kọ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, èyí tó kọ ní sitúdíò tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń da irú rẹ̀ kọ láàárín ara wọn kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ìró ọwọ́ ẹni tó dà á kọ máa ń wà níbẹ̀, ikọ́ rẹ̀, ajá ilé rẹ̀ tó ń gbó.

Ó wá ku àwọn èdè àjèjì, tí ọmọ mi fi gún mi lójú. Ó kọrin ní Jámánì, ní Ítálì, ó tilẹ̀ kọ orin Naples yẹn ní èdè àwọn ará Jàpáànù, èdè tí mo rò pé kò gbọ́ jù mí lọ. Orin Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wá, nítorí Gẹ̀ẹ́sì lèmi mọ̀. Mo wá rí i pé ọmọbìnrin mìíràn tí wọ́n ń pè ní Twinkle ló kọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dùn mí! Ti Jámánì ló wá di àyànfẹ́ mi. Kì í ṣe pé wọ́n kàn tú orin Faransé sí Jámánì. Wọ́n kọ tuntun fún un. Ọ̀kan wà láti 1968 tó dá lórí kọ̀ǹpútà tó ń bá ọmọbìnrin wá ọkọ. 1968 o! Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ìyàwó lórí fóònù lónìí, ẹ ti pẹ́ dé.

Rárá, mi ò gbọ́ Jámánì. Mo fẹ́ kí ọmọ mi rí ìdáhùn yẹn kà bó bá dàgbà.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún un ni pé obìnrin yìí pàápàá kò fẹ́ àwọn orin tí mò ń wá kiri. Ní 1966, Gainsbourg kọ orin kan fún un, suwíìtì onígi ni ọmọ náà rò pé òun ń kọrin nípa rẹ̀. Àwọn àgbà Paris mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Nígbà tó yé e, ìtìjú mú un, ó tilẹ̀ ń sá fún èèyàn. Láti ìgbà tí òun àti Michel Berger, olórin tó padà di ọkọ rẹ̀, ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní 1974, ó kẹ̀yìn sí gbogbo orin ọmọdé yẹn, ẹ kò lè rọ̀ ọ́ kó kọ ọ́. Berger kú ní 1992, ọmọbìnrin wọn kú ní 1997, ó sì fi orí ìtàgé sílẹ̀. Erékùṣù Ngor lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar wà lára ibi tó ń fara pamọ́ sí. January 2018 ló kú. Ohun tó kọ̀ ni mò ń fi owó rà. Ohun tí mo ní kí ọmọ mi gbà, ó ń kọ̀.

Ní August 2019, Nàìjíríà ti bọ́dà ilẹ̀. December 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Àárín rẹ̀ ni bàbá mi kú. Mùsùlùmí ni wọ́n, òkú wa kì í sùn. Àárọ̀ ni wọ́n pè mí. Mo dé bọ́dà Ìgòlò, wọ́n ní kò sọ́nà. Mo bẹ̀ wọ́n, mo fowó lọ̀ wọ́n, mo tún bẹ̀ wọ́n. Ní ẹ̀gbẹ́ títì lẹ́yìn mi, obìnrin kan to kpayo sórí tábìlì nínú ìgò, bẹntiróòlù Nàìjíríà, tó rí ọ̀nà gbà. Lẹ́yìn ìrun Àsárì wọ́n pè mí pé wọ́n ti sìn wọ́n. Mo yí padà, mo lọ kí ìrun òkú fún wọn ní mọ́ṣáláṣí tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì mi. Oníṣẹ́ rédíò ni mí, ohùn èèyàn kún ilé mi, ti bàbá mi kò sí ní ẹyọ kan. Wọn kì í fẹ́ kí n gba ohùn àwọn sílẹ̀. Wọ́n á ní ṣé àwọn ti ń kú lọ ni? Ohùn ọmọbìnrin Paris tí kò mọ̀ mí wà lọ́wọ́ mi ní èdè mẹ́rin.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gba ìpè ìyá mi sílẹ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ti ọjọ́ Àìkú yẹn wà níbẹ̀ pẹ̀lú: "bonsoir, mémé," ìbéèrè nípa Jámánì, irọ́ tí mo pa, ẹ̀rín láti yàrá. Ìyẹn náà di ọ̀kan lára èyí tí kò jáde.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwo. Oníbàárà mi kan ní Wàndó, bàbá rẹ̀ tó ti gbé Jámánì rí kú, ó sì fi páálí àwo kan sílẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n yọjú wò ó. Mo rí ẹ̀gbẹ́ èèpo ọ̀kan, mo rí orúkọ France Gall àti ọ̀rọ̀ Jámánì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ sí àpò, wọ́n ní rárá, ẹrù òkú ni, ìdílé gbọ́dọ̀ pàdé ná. Wọ́n ti pàdé. Gbogbo wọn ti gbà, ó ku ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Gabon. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, òun ń bọ̀ ní Kérésìmesì. Kò sọ Kérésìmesì ọdún wo.