Ọdún Tí Mo Dẹ́kun Jíjá Owó Domain Lulẹ̀

Ọyẹ́ ti dé l'Ádó, òwò ti rọlẹ̀ díẹ̀, mo wá ráàyè ṣí ìwé òwò mi wò, òwò títa domain, ìyẹn orúkọ ìkànnì tó ń parí sí .com àti irú rẹ̀. Àwọn tó tìtorí owó pọ́ọ́kú wá bá mi lọ́dún tó kọjá, àwọn náà ló kọ́kọ́ kó lọ nígbà tí owó ọdún kejì tó san.

Alárobọ̀ ni wá nínú òwò yìí. Verisign ló ni àkóso .com, òun ló ń bu iye lé e. Lóṣù kẹsàn-án 2024, iye tí registrar, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi orúkọ ìkànnì sílẹ̀, ń san fún un lórí orúkọ kan fún ọdún kan di dọ́là 10.26, owó kékeré ti ICANN, àjọ tó ń rí sí orúkọ ìkànnì lágbàáyé, ò sí níbẹ̀. Lọ́wọ́ registrar lèmi ti ń rà, kí n tó tà á fún télọ̀ ní Òkèṣà tàbí iléèwé aládàáni ní Ìkẹ́rẹ́. Bí ilé iṣẹ́ ńlá kan bá wá ń polówó .com ní dọ́là kan, àdánù ló fi ń tà á, ó sì mọ̀. Owó ọdún kejì ló ń retí. Àpò rẹ̀ gbé e. Tèmi ò gbé e, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà 2023, tí dọ́là wá gbówó lórí. Ti .com.ng, tí NiRA, àjọ tó ń rí sí orúkọ .ng ti Nàìjíríà, ń bójú tó, sàn díẹ̀, torí náírà la fi ń rà á.

Ohun tó mú mi ronú jù lọ́dún yìí ni ọ̀rọ̀ màmá kan tó ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ìkànnì wọn dédé kú. "Ọmọ mi, mo ti sanwó ẹ̀ o," ló ń tẹnu mọ́. Lóòótọ́ ló sanwó. Àmọ́ ẹni tó tà á fún wọn lówó pọ́ọ́kú, orúkọ àti ímeèlì ara rẹ̀ ló fi sílẹ̀, fóònù rẹ̀ ò sì lọ mọ́. Gbogbo ìkìlọ̀ pé ọjọ́ ti ń pé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Bí .com bá sì kọjá àsìkò tí registrar fi ń ṣàánú, ó máa wọ 30 ọjọ́ tó jẹ́ pé owó gọbọi lèèyàn fi ń rà á padà. Ọjọ́ 5 lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá yára ló ni ín. A wá ọkùnrin náà títí a fi rí i, ṣùgbọ́n owó ìràpadà tí màmá san ju èrè tí wọ́n rò pé àwọn jẹ lọ fíìfíì.

Nítorí náà, tí mo bá dárúkọ ìtọ́jú oníbàárà, kì í ṣe "ẹ káàárọ̀ sà" orí WhatsApp ni mò ń sọ. Kí orúkọ oníbàárà wà lórí ọjà rẹ̀. Kí n pè é kí ọjọ́ tó pé. Kí n gbé fóònù lálẹ́ Sátidé tí ímeèlì ò wọlé. (Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń pariwo ìtọ́jú, a kì í gbé fóònù, ẹ má bínú.) Ìyọnu ibẹ̀ ni pé oníbàárà kì í rí i títí di ọjọ́ tó bá nílò rẹ̀, iye owó ló ń rí lójú ẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo sì ń fi ṣe ènì látọjọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ìyá onígààrí ní ọjà Ọba kì í jẹ́ kí ènì ju kóńgò lọ.

Láti oṣù kìíní, owó domain lọ́tọ̀, owó ìtọ́jú lọ́tọ̀, méjèèjì yóò hàn lórí ríṣíìtì. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìtọ́jú, mi ò bá a jà. Kó ṣáà fi ímeèlì ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ níbikíbi tó bá ti rà á. Ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò lọ́dọ̀ mi, bó bá ti lé ní 60 ọjọ́ tó rà á, lọ́jọ́ tó bá béèrè ni màá fún un ní kóòdù tó máa fi gbé domain rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn kan máa ń fi kóòdù yẹn pamọ́ kí oníbàárà má baà lọ. Òwò wo nìyẹn?

Mo ti ń pe àwọn tí ọjọ́ domain wọn máa pé lóṣù kìíní náà. Wòlíì kan ní Ìjerò ní ṣé ẹ̀dínwó Kérésì ò sí ni. Mo ní kò sí, bàbá.