Ẹ fi etí kọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé kí ẹ tó fi ojú kọ́ ọ

Aṣọ ni mò ń tà ní Òkè Ajé, n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó mọ ìlú wa mọ̀ pé bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á máa wá aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba, àwọ̀ kan náà láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn. Kútọnu ni mo ti ń ra púpọ̀ nínú tèmi. Lóòótọ́, àwọn tó gbọ́ Yorùbá pọ̀ lọ́jà Dantokpa, àmọ́ bí ọmọ Fọ̀n tí kò gbọ́ Yorùbá bá gbé fóònù, Faransé nìkan ló kù tí ẹ̀yin méjèèjì fi lè gbọ́ ara yín. Ìdí tí mo fi kọ́ ọ nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ ọ ni pé kí ó fi etí mú ọ̀rọ̀-ìṣe kó tó fi ojú mú un. Kíkọ ọ́ sílẹ̀ le ju sísọ ọ́ lọ dáadáa, ìwé ló sì máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù bani.

Ẹ jẹ́ ká mú chercher, ìyẹn kéèyàn máa wá nǹkan. Ẹ gé -er ìdí rẹ̀ kúrò, ó ku cherch. Ara ìyókù yẹn la ó máa lẹ ìparí mọ́:

je cherche (mò ń wá)
tu cherches (ò ń wá)
il cherche, elle cherche (ó ń wá: il fún ọkùnrin, elle fún obìnrin)
nous cherchons (à ń wá)
vous cherchez (ẹ̀ ń wá)
ils cherchent, elles cherchent (wọ́n ń wá)

Lójú ìwé, ìparí ń yí padà lọ́tùn-ún lósì. Ẹ wá tẹ́tí sí i lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́. Cherche, cherches, cherche, cherchent: ìró kan ṣoṣo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. S kò dún, -ent náà kò dún. Orí ch, tó dún bíi ṣ tiwa, lẹnu yín máa parí sí. Méjì péré ló yàtọ̀: -ons, tó dún bí "ọn" inú ìbọn, àti -ez, tó dún bí "e" inú ilé. Ìró méjèèjì ti wà lẹ́nu wa láti kékeré. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń sọ èyí fún èèyàn, torí àwọn tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n gbọ́ a máa tiraka gan-an kí "ọn" yẹn tó jáde lẹ́nu wọn.

Ó tún rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, on ni àwọn tó ń sọ Faransé sábà máa ń lò fún "a", wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pe nous. Ìparí il ni on sì ń mú: on cherche. Nítorí náà, ẹni tó bá di cherche àti cherchez mú ṣinṣin lè nájà láti àárọ̀ dọjọ́rọ̀. Vous cherchez quoi? Kí lẹ̀ ń wá? On cherche du pagne bleu. Aṣọ aláwọ̀ búlúù là ń wá. (Pagne ni wọ́n ń pe irú aṣọ àǹkárá. Yáàdì méjìlá ni pièce kan, yáàdì mẹ́fà ni demi-pièce.)

Ibi tó yẹ kí ẹ ti lo àkókò ni je àti tu. Nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe kò yí ohùn padà, arọ́pò-orúkọ ló ń sọ ẹni tó ń ṣe é, bó ṣe rí nínú "mò ń wá, ò ń wá, ó ń wá" tiwa. Kò ṣe é fò. Fún je, ẹ ṣe ẹnu bí ẹni fẹ́ pe ṣ, kí ẹ wá jẹ́ kí ọ̀fun gbọ̀n sí i. Fún tu, ẹ ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ pe u, kí ahọ́n máa pe i nínú lọ́hùn-ún. Ẹ ṣe é níwájú dígí.

Ọmọ àbúrò mi wà ní JSS, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Faransé. Ó lè ka parler, ìyẹn kéèyàn máa sọ̀rọ̀, láti òkè délẹ̀ bí orin, pẹ̀lú parlent tó ń pè ní "paalẹ́ńtì". Mo bi í pé, "Tu parles français?" Ṣé o ń sọ Faransé? Ó dákẹ́. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, tó ń ka je, tu, il bọ̀ kó lè débi tí ìdáhùn wà. Láti ọjọ́ náà la ti pa kíkà bí orin tì. Bí a bá ń ká aṣọ, màá bi í: "Tu cherches quoi?" Á ní: "Je cherche le rouge, Àǹtí." Pupa ni mò ń wá. Òun náà á wá fi vous bi mí, torí mo jù ú lọ. Ìbéèrè àti ìdáhùn ni kí ẹ fi kọ́ ọ, kí je máa tẹ̀lé vous lẹ́nu yín láìronú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló tó láti ka gbogbo rẹ̀ tẹ̀léra.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá ń bá àgbà tàbí àjèjì sọ̀rọ̀, vous ni, bíi "ẹ" tiwa gẹ́lẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa bàbá kan fún ẹlòmíràn, ẹ má pè é ní ils. A lè sọ pé "Bàbá ti dé, wọ́n ń wá yín". Nínú Faransé, ẹyọ ènìyàn kan ni bàbá, il cherche ni, ìyá sì jẹ́ elle. Bí ẹ bá pe ils, ẹni tó gbọ́ á máa wo ẹ̀yìn bàbá bóyá ẹnìkan tẹ̀lé e. Pẹ̀lú chercher, etí lè má mọ ìyàtọ̀, àmọ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, s tó dákẹ́ tẹ́lẹ̀ á jí, á sì dún bíi z. Il arrive: ẹnìkan ló ń bọ̀. Ils arrivent: wọ́n pọ̀. Je náà á gé kúrú níbẹ̀, j'arrive. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni "mò ń bọ̀" tiwa: lọ́dọ̀ àwọn ará ìhà ibí tó ń sọ Faransé, ẹni tó ń jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lè ní j'arrive, kó sì kọ ẹ̀yìn sí yín.

Ohun kan tó máa ń da ọmọ Yorùbá rú ni àsìkò. "Mo béèrè" wa ti parí. Je demande kò tíì parí: mò ń béèrè, tàbí mo máa ń béèrè. Èyí tó ti parí ni j'ai demandé. Ẹ tẹ́tí sí demandé yẹn dáadáa, ìró kan náà ló jẹ́ pẹ̀lú demandez àti demander. Tí nǹkan bá sì bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ tí kò tíì dáwọ́ dúró, irú ti je demande náà lẹ máa lò: J'habite à Ijebu-Ode depuis 2009, mo ti ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde láti 2009. Bí ẹ bá fi demain sí i, ó di ọ̀la: Je rentre demain, ọ̀la ni mò ń padà sílé.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé ló ń rìn báyìí, àwọn tuntun bíi googler àti liker náà sì ti wọ inú ẹgbẹ́ yẹn. Aller (kéèyàn lọ) nìkan ni kí ẹ yọ sọ́tọ̀, -er ló fi parí àmọ́ ọ̀nà tirẹ̀ ló ń gbà, je vais. Manger (kéèyàn jẹun) gba e mọ́ra nínú nous mangeons kí g má bàa dún bíi g tiwa, acheter (kéèyàn ra nǹkan) sì ń gba àmì nínú j'achète. Ìyẹn á wá bó bá yá.

Èyí tí iṣẹ́ yín ń lò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Fún èmi, chercher, montrer (kéèyàn fi nǹkan hàn), compter (kéèyàn ka nǹkan iye), garder (kéèyàn tọ́jú nǹkan). Bí ẹ bá jẹ́ télọ̀, couper ni: Je coupe ici? Ṣé kí n gé e níbí? Kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn kí àlùmọ́gàjí tó wọ aṣọ.