Kí ọmọ tó wọ SS1 ni kí ẹ ti bi í léèrè kọ́ọ̀sì tó fẹ́ kà

Ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Kubwa l'Ábújá níbí. Tí àsìkò fọ́ọ̀mù bá dé, àwọn ọmọ á tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí jẹnẹrétọ̀, NIN àti profile code tí JAMB fi ránṣẹ́ sórí fóònù lọ́wọ́ kálukú. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa ń mú wá pé, àfi kọ́ọ̀sì.

Ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Mo ní, "Kí la fẹ́ kà?" Ìyá ló dáhùn: "Nọ́ọ̀sì ni o, Àǹtí." Ọmọ ń fi èékánná ha etí tábìlì. Mo ní kó ka àwọn iṣẹ́ tó ń ṣe níléèwé fún mi. "Accounting, Commerce, Economics..." Nọ́ọ̀sì kẹ̀? Yàtọ̀ sí Use of English tó kan gbogbo wọn, Biology, Chemistry àti Physics ni JAMB ń bèèrè fún nọ́ọ̀sì. Àṣé nígbà tó fẹ́ wọ SS1, wọ́n ní kíláàsì Science ti kún, ni wọ́n bá tì í sí Commercial. Kò sẹ́ni tó yọjú lọ bèèrè. Ìyá ní, "Ẹ ṣáà bá wa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run á ṣe é." Mo fẹ́ fèsì, mo gbé e mì. Accounting ni wọ́n padà mú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, kò tíì sọ ohun tó ń kà, kò sì sẹ́ni tó ń dà á láàmú. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé wọn, ó lè di ìparí ọdún kejì kí wọ́n tó ní kó mú ọ̀kan. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ti ń yan kọ́ọ̀sì láìmọ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá pín wọn sí kíláàsì.

Èrò tèmi rèé, àwọn tíṣà Literature á bínú: ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lọ tó ń bọ̀, ẹ fi í sí Science. Ó ṣì lè yà sí Economics lọ́la, torí Mathematics wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá ṣáà ti ń ka Economics mọ́ ọn níléèwé. Láti Commercial sí nọ́ọ̀sì, kò sọ́nà. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti ń pariwo Law láti JSS1, ẹ jẹ́ kó lọ sí Arts, ẹ má dí i lọ́wọ́.

Brochure JAMB wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń bèèrè wà níbẹ̀. Ẹ jọ kà á nílé nígbà tí ọmọ bá wà ní JSS3. Tí èsì Junior WAEC bá sì ti jáde, ẹ tètè lọ rí ọ̀gá iléèwé kí wọ́n tó pín kíláàsì.