Ọwọ́ Aláró

Ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn bàbá ni. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú wá síwájú pẹpẹ. Ọmọ ọdún 9 ni mí. Bàbá mi ti kú, ìyá mi náà sì tẹ̀ lé e kí ọdún tó yí po. Mo jókòó, mo ń fi èékánná họ bẹ́ǹṣì.

Ìyá mi àgbà, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, dìde fà mí lọ́wọ́. Aró ò kúrò lábẹ́ èékánná ìyá yẹn rí. Ó ní, "Dìde, o ní Bàbá."

Ilé la dé tó ní kí n ka Orin Dáfídì 68, ẹsẹ 5, sókè, torí kò mọ̀wé: Baba àwọn aláìníbaba. Mo bi í pé ṣé Bàbá yẹn ló máa san owó iléèwé mi. (Ẹnu mi mú nígbà yẹn.) Kò bínú. "Àdìrẹ tí mo tà láàárọ̀ àná, ta lo rò pé ó rán oníbàárà sí mi?"

Mi ò gbà. Wọ́n tún máa ń sọ ti Àjàyí Crowther fún wa, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó sì rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí ní 1846. Ó dáa fún un. Tèmi ò padà wá.

Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Tá a bá ti ní "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run," ọwọ́ aláró yẹn ni mo máa ń rí.