Wàrà Inú Omi Rẹ̀: Ọ̀nà Mẹ́ta, Ọjọ́ Mẹ́fà

Ọjọ́ kìíní. Mílíìkì màlúù lítà 5 láti Akínyẹlé, ewé bọ̀mùbọ̀mù márùn-ún. A gún ewé, a fi ife mílíìkì kan fọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ sínú mílíìkì yòókù. Oje rẹ̀ kò gbọdọ̀ ta sójú, ewu ńlá ni. Iná kékeré títí tó fi dì. Ẹni tó bá ń rò ó lẹ́yìn ìyẹn, wẹ́wẹ́ ni yóò rún mọ́ ọn lọ́wọ́. A kó o sínú ajọ̀ kí omi rẹ̀ ro fún wákàtí méjì, a gé e, a pín in sí ọ̀nà mẹ́ta láti mọ èyí tó máa pẹ́ jù kó tó bàjẹ́:

A: inú ọ̀rá, a so ó pa, ó wọ fíríìjì.
B: inú ike, omi wàrà (omi tó ro jáde lára rẹ̀) tí a sè tó sì tutù, iyọ̀ gíráàmù 30 sí lítà kan, fíríìjì.
D: bíi B, àmọ́ omi lásán ló rọ́pò omi wàrà.

Wàrà kì í kan bíi nọ́nò, ìdí nìyẹn tí kòkòrò fi tètè ń rí i bà jẹ́.

Ọjọ́ kejì. Ọ̀rá ti làágùn, omi ń kán sórí wàrà. Ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́ nígbà tí a so ó. Ó yẹ kó tutù pátápátá kó tó wọ ọ̀rá.

Ọjọ́ kẹta. D ti ń yọ̀. Fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ á bó mọ́ ọ lọ́wọ́ bí ọṣẹ tó pẹ́ nínú omi. Kálísíọ́ọ̀mù tó mú wàrà le ló ń jáde lọ sínú omi lásán. Omi wàrà ti ní tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní fa ti wàrà jáde. Àwọn ìyá tó ń tà á ní Bódìjà kò ṣèèṣì bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ara rẹ̀.

Iná lọ fún wákàtí mọ́kànlá. A se B pẹ̀lú omi rẹ̀, ó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tutù, ó padà sínú ike tí a fi omi gbígbóná ṣàn.

Ọjọ́ kẹrin. Wàrà A ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń rùn. A dà á nù, a ò tún un sè. Omi híhó ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n oró tí àwọn kan ti tú sílẹ̀ kì í bá a lọ.

Ọjọ́ kẹfà. B ṣì le, òórùn mílíìkì ló ń ta. Ẹyọ kan ṣoṣo ló léfòó, orí rẹ̀ tó yọ síta sì ti bu, funfun bí òwú. A yọ ọ́ dànù. A rẹ ìyókù sínú omi mímọ́ fún ogún ìṣẹ́jú kí iyọ̀ rẹ̀ dín kù, a dín in.

Èyí tó kàn: iyọ̀ gíráàmù 20, àti àwo pẹrẹsẹ tí a ti sè láti tẹ wàrà mọ́ ìsàlẹ̀ omi.